Báàgì Ta Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Fẹ́ Tú?

Owó sọnù nínú bọ́ọ̀sì tó kún fún èèyàn, báàgì tèmi ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣí. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú ibẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti padà sí Ìlú Ọba ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára. Mo ti rò ó fún àwọn ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti rò ó fún oníbàárà tó kàn yà wá ra káàdì ọjọ́ ìbí, kò rọlẹ̀. Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ò ní bi mí pé kí ló ń dùn mí níbẹ̀.

Iṣẹ́ ìwé ni mo ń ṣe. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ìwé tuntun wà níwájú, àlòkù wà lẹ́yìn. Ẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá ń ta àlòkù ló lè mọ ohun tí àwọn èèyàn ń gbàgbé sínú ìwé: tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, rìsíìtì, lẹ́tà ìfẹ́ tí wọn ò fi ránṣẹ́ mọ́, owó. N kì í da ọ̀kankan nù. Nígbà kan, fọ́tò ìgbéyàwó jábọ́ láti inú ìwé oúnjẹ. Kò sí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí déètì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì hàn lẹ́yìn ìyàwó, wọ́n sì fi irin ṣe ewé àjàrà sára rẹ̀. Mo wá ilẹ̀kùn yẹn kiri títí mo fi rí i, mo bá àlùfáà ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì júwe ilé fún mi. Ìyàwó inú fọ́tò ti di ìyá àgbà. Ó dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sunkún. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Àǹtí CID, mo sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀, torí iṣẹ́ gidi ni kí nǹkan tó sọnù padà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Ìwé náà ló mú mi bá ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò afẹ́ lọ sí Pọ́túgà. Ilé ìtàwé Bertrand wà ní Lisbon. Láti 1732 ni wọ́n ti ń tàwé, kò sì sí ilé ìtàwé kankan láyé yìí tó pẹ́ jù ú lọ tó ṣì ń ṣí. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe yẹ kó débẹ̀. Àwọn tó ṣètò ìrìn-àjò náà fi Lisbon sí ìparí. Etíkun gúúsù la ti kọ́kọ́ lo ọjọ́ díẹ̀, ní ìlú kan tó ń jẹ́ Lagos.

Alẹ́ tá a dé ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Mushin. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà ní Lagos o." Ó lọgun. "Lagos wo? Ibo lo wà? Ta ló wá gbé ọ ní eapọ́ọ̀tù? O ò tiẹ̀ sọ tẹ́lẹ̀!" Ẹ̀rín ti pa mí kí n tó ráyè ṣàlàyé. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń pe àwọn ọmọ pé kí wọ́n yáa gbé ẹran jáde nínú fíríìjì. Nígbà tó yé e pé Lagos àwọn Pọtogí ni, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ìgbà wo lo máa wá sí tiwa?" Mo ní láìpẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ láìpẹ́ yẹn fún un.

Àwọn tá a jọ lọ kì í ṣe èèyàn burúkú. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ń há súìtì fúnra wọn nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń kíni láàárọ̀. Ìyá kan tó máa ń jókòó níwájú bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní mo ní ilé ìtàwé. Ó ní ta ni mò ń bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ní èmi ni mo ni ín. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ó tún bi mí. Ẹni tó wá di ọ̀rẹ́ mi ni bàbá kan láti Yorkshire tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwa náà ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní èdè wa. Mo sọ fún un pé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti gbé Àjà Ló Lẹrù jáde láti 1969, pé Yorùbá ló fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti pé Lápàdé tó ń tọpa ọ̀daràn nínú rẹ̀ kò kéré sí èyíkéyìí nínú àwọn tó ń kà. Ó fa ìwé kékeré yọ nínú àpò, ó ní kí n bá òun kọ orúkọ náà sí i. Mo kọ ọ́ tàmì tàmì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tá a kúrò níbẹ̀, wọ́n kó wa lọ sí gbàgede tí ère Henrique, ọmọọba Pọ́túgà láyé ọjọ́un, wà. Ilé kékeré kan wà létí gbàgede náà. Obìnrin tó ń darí wa nawọ́ sí i, ó ní ọjà ẹrú àtijọ́ nìyẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan níbẹ̀, ó wá júwe ibi tí wọ́n ti ń ta áísìkiriìmù. Èmi àti bàbá rélùwéè nìkan la wọlé.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1444, èèyàn 235 ni wọ́n kó bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi ní Lagos yìí. Etíkun Áfíríkà ni wọ́n ti lọ jí wọn gbé. Wọ́n pín wọn lójú gbogbo ìlú. Henrique jókòó sórí ẹṣin, ó gba 46 nínú wọn, ìpín tirẹ̀ nìyẹn. Zurara tó ń kọ ìtàn fún ààfin kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn ìyá ṣe da ara bo ọmọ wọn nílẹ̀, tí wọ́n ń gba lílù sára kí wọ́n má bàa já ọmọ gbà lọ́wọ́ wọn. Ní 2009 sì rèé, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ láti fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí nínú ìlú náà ni wọ́n ti bá egungun àwọn ọmọ Áfíríkà tó lé ní 150. Ibi tí ìlú ń da ìdọ̀tí sí láyé ọjọ́un ni wọ́n jù wọ́n sí. Àmì wà lára àwọn kan pé wọ́n dè wọ́n. Ọmọdé wà nínú wọn. Ara mi ń gbọ̀n nígbà tá a jáde. Bàbá ní kí n di ọwọ́ òun mú, a sì rìn padà lọ bá àwọn yòókù. Wọ́n ní a ti pàdánù áísìkiriìmù.

Ilẹ̀ mọ́. Gbogbo wa ti wọ bọ́ọ̀sì níwájú òtẹ́ẹ̀lì, dírẹ́bà ti tan ẹ́ńjìnnì, ni bàbá rélùwéè bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò kóòtù rẹ̀. Ẹ́ńfílọ́ọ̀pù tó kó owó sí ni kò rí. 300 yúrò. Obìnrin tó ń darí wa bi í léèrè níbi tó jókòó sí, ó bi í bóyá ó bọ́ kóòtù kalẹ̀. Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tọkọtaya kan wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi wà ní òdìkejì ọ̀nà àárín. Obìnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo wọn kọjá, ó tẹ̀ sí mi létí, ó ní ṣé mo lè kọ́kọ́ ṣí báàgì tèmi, kí ọ̀rọ̀ náà lè tètè tán.

Mo dìde. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mo ní màá ṣí i. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti àga iwájú, kó tú báàgì ẹnì kọ̀ọ̀kan bọ̀ níkọ̀ọ̀kan, bó bá kàn mí màá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pátá.

Kẹ́kẹ́ pa. Kálukú kọjú sí fèrèsé. Ká ní ọkọ̀ Ìbàdàn sí Èkó ni, ẹ mọ bó ṣe máa rí. Gbogbo ọkọ̀ ni ì bá ti gba ariwo, ẹnì kan á ti fi Ògún búra, ìyá ẹlẹ́ja á ti tú ìrọ́ rẹ̀, wọ́n á ní kí dírẹ́bà gan-an sọ̀kalẹ̀ kó yọ àpò, pásítọ̀ tó wàásù láti Chállénjì kò ní yọ sílẹ̀. Ariwo yẹn máa ń fọ́ mi lórí tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo wá a bí ẹni wá omi, torí nínú rẹ̀ gbogbo wa la jọ jẹ́ afurasí.

Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kì í ṣe òun. Ẹ fi í sílẹ̀." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo jókòó tì í, mo ní ká jọ wá a. Ìgbà wo ló rí i kẹ́yìn? Ó ní lálẹ́, kó tó sùn. Kí ló ń ṣe nígbà yẹn? Ó ní òun ń kàwé, oorun ni ò wá, nǹkan tá a rí lọ́sàn-án ni ò jẹ́ kí òun sùn. Mo wá bi í pé kí ló fi sàmì síbi tó kà dé. Ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń wá inú àpò kóòtù dúró. Ó ní, "Ẹ́ńfílọ́ọ̀pù." Ìwé náà ńkọ́? Ó ní òun kà á tán ní ìdájí, òun sì fi í sórí pẹpẹ tó wà nísàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí àwọn àlejò ti máa ń fi ìwé sílẹ̀ fún ara wọn. Mo ní kó sọ orúkọ ìwé náà. Ó sọ ọ́.

Àyà mi já nígbà tó dárúkọ ìwé yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù kí n tó sọ ìdí rẹ̀.

Mo sáré wọlé. Ìwé náà kò sí lórí pẹpẹ mọ́. Ààyè rẹ̀ ṣófo láàárín àwọn méjì kan tó jẹ́ ti èdè Jámánì. Ọmọbìnrin tó jókòó síwájú kọ́ńtà ní òun rí ẹnì kan nínú wa tó mú ìwé níbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kóòtù pupa ló wọ̀. Mo padà sínú bọ́ọ̀sì. Ìyá iwájú ló wọ kóòtù pupa, ẹni tó bi mí ta ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Mo rọra sọ fún un pé ìwé tó mú, ṣé ó lè bá wa gbọ̀n ọ́n wò? Ó gbé báàgì sórí itan, ó kó súwẹ́tà kúrò, ó kó dígí ojú kúrò, ó fa ìwé jáde. Kò tíì gbọ̀n ọ́n tí ẹ́ńfílọ́ọ̀pù fi bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ àga. Owó pé.

Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá náà fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Olúwa o, èmi ni olè!" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí i. Obìnrin tó ń darí wa ní kò sí wàhálà mọ́, ó ní kí dírẹ́bà máa lọ. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ohun tó já mi láyà nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí n tó jẹun, mo ti dúró níwájú pẹpẹ yẹn. Ẹni tó ń tàwé kì í kọjá níwájú ìwé. Mo fa ìwé yẹn gan-an yọ, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rántí pé mo ní irú rẹ̀ nílé, mo dá a padà. Ká ní n kò ní i ńkọ́? Màá ti jù ú sínú báàgì, màá ti wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n bá sì ní kí n ṣí báàgì, inú báàgì mi ni ẹ́ńfílọ́ọ̀pù yẹn ì bá ti jáde. Ta ló máa rẹ́rìn-ín? Ta ló máa pàtẹ́wọ́? Ọlọ́pàá ni wọn ì bá pè, ní ìlú tí n kò gbọ́ èdè wọn, bàbá gan-an kì bá sì mọ ohun tó máa sọ. Èmi àti ìyá yẹn, ohun kan náà la fẹ́ ṣe láàárọ̀ yẹn: ká mú ìwé kan tá a máa kà lọ́nà. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, bó ṣe já sí nìyẹn nígbà gbogbo.

Mo dé Bertrand. Ó dára, àwọn yàrá rẹ̀ so kọ́ra wọn títí wọ inú lọ, bàbá bá mi gbé ìwé tí mo rà. Ká ní ọkàn mi wà níbẹ̀ ni, ǹ bá ròyìn rẹ̀ fún yín dáadáa.

Ọmọ mi ọkùnrin tí mo bí sí Lọ́ńdọ̀nù ní, "Mọ́mì, ẹ bá kàn jẹ́ kí wọ́n wò ó, kó tán." Mo sọ ti pẹpẹ fún un. Kò fèsì. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ìgbà tí òun wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n máa ń tú báàgì òun ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí iléèwé, òun ò kàn sọ fún mi ni. Àgbà tó ń wá nǹkan onínǹkan kiri ni mí, n kò mọ èyí nípa ọmọ inú ilé mi. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn ju bí mo ṣe sunkún ní Pọ́túgà lọ.

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ṣètò ìrìn-àjò náà. Wọ́n fi fáúṣà ránṣẹ́, pé kí n fi dín owó ìrìn-àjò mìíràn kù. Mo dá a padà. Ohun tí mo béèrè ni kí obìnrin yẹn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi ní kíkọ, kí wọ́n sì fi í sínú ìlànà wọn pé bí nǹkan bá sọnù, báàgì gbogbo èèyàn ni wọ́n máa wò tàbí kí wọ́n má wo ti ẹnikẹ́ni. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ lọ́yà ti ṣí òfin Equality Act ti 2010 fún mi: ẹni tó bá ń ta iṣẹ́ fún aráàlú kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ oníbàárà nítorí ẹ̀yà rẹ̀, oṣù 6 lèèyàn sì ní láti gbé e dé ilé ẹjọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba níbí, tí irú rẹ̀ bá ṣe yín, ẹ tètè kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ àti àkókò tó ṣẹlẹ̀.

Bàbá rélùwéè ti kọ tirẹ̀ sí wọn láti Yorkshire gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ojú ewé mẹ́rin, ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́tà kejì tí èmi kọ ti dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti buwọ́ lù ú pé àwọn gbà á. Bí wọ́n bá fèsì, màá sọ fún yín.