Ìka Méjì ní Alẹ́ Sátidé

Ọjọ́ Sátidé, oṣù Kẹwàá

Òjò rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ, wọ́n sì ti mú iná lọ kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó kan páànù. Lábẹ́ àtùpà kan lórí tábìlì ni mo ti bu bourbon, ọtí líle ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi àgbàdo pọn, sínú ife títí ó fi ga tó ìka méjì, mo sì jókòó tì í fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó gbé e kan ẹnu. Lọ́dún tó kọjá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ì bá ti tó fún mi láti mu ún tán, kí n sì tún ti bu òmíràn. Bí mo ṣe di ẹni tó ń jókòó ti ọtí báyìí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lónìí, nítorí ìgò náà ti kọjá ìlàjì, ìrántí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sì ti fẹ́ máa bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Louisville ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, ló mú ìgò náà wá nígbà tó wálé fún ọdún Kérésìmesì. Ó fi aṣọ ìnura wé e sáàárín ẹrù rẹ̀ bí ẹni tó di ẹyin. Lálẹ́ ọjọ́ tó dé, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ó bu díẹ̀ fún mi, èmi náà sì ṣe é bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe: mo gbé orí sẹ́yìn, mo dà á sí ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà. Iná sọ láti ọ̀fun dé ikùn, omi lé sí mi lójú, ikọ́ sì gbé mi. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ife tirẹ̀ sílẹ̀.

"Olùkọ́," ó ní, "ta ló ń lé ọ?"

"Bọ̀dá mi, ṣé kì í ṣe ọtí ni?"

"Ọtí ni. Ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún mẹ́rin tó fi jókòó nínú àgbá kó tó débí. Ìwọ náà jókòó."

Mi ò lè dá ara mi lẹ́bi púpọ̀. Bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń mu ògógóró níbi ìnáwó, àti bí àwọn awakọ̀ ṣe ń gbé páráágà mì ní ìdíkọ̀ láìjókòó, ló jẹ́ kí n gbà pé ìgbóná ọ̀fun ni gbogbo ohun tó wà nínú ọtí líle, àti pé ẹni tó bá tètè gbé e mì ló mọ̀ ọ́n mu. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má ti imú bọ inú ife, nítorí ooru ọtí yóò pa imú kú. Kí n gbé ife sí ìsàlẹ̀ imú, kí n la ẹnu díẹ̀, kí n sì rọra mí. Ó ní kí èyí tí n óò gbé sẹ́nu kéré, kí n jẹ́ kó yí ahọ́n ká dáadáa kó tó kọjá. Lẹ́yìn náà ló fi eyín gé igun omi inú ọ̀rá tó wà lórí tábìlì, ó sì kán díẹ̀ sí ife mi. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní kẹ́mísìrì láti ọdún mọ́kàndínlógún kò gbà pé ẹ̀kán omi mẹ́ta lè yí nǹkan kan padà. Ó yí i padà. Òórùn dídùn kan jáde tí imú mi kò gbọ́ tẹ́lẹ̀, mo sì wá orúkọ rẹ̀ tì.

Lẹ́yìn tí ó padà lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ara ìgò náà bí ẹni tó gba ìwé láti ilé ẹjọ́, mo sì ń wá ìtumọ̀ ohun tí mo bá kà. Òfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló sọ ohun tó ń jẹ́ bourbon. Ó kéré tán, ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ọkà tí wọ́n fi pọn ọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbàdo. Inú àgbá igi óákù tuntun tí wọ́n ti fi iná jó inú rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ sí. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ tàbí adùn kún un. Agbára ọtí inú ìgò rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún 1964 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn kéde pé ọjà àkànṣe ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Kentucky nìkan ni wọ́n ti lè ṣe é, èmi náà ti fi tìgboyà-tìgboyà sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan rí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ kàn ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá ni.

Ìgò tèmi tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn lára: "Bottled in Bond." Òfin ọdún 1897 ló bí èyí, láyé ìgbà tí àwọn oníṣòwò kan ń lú ọtí ní àlùmọ́kọ́rọ́yí tí ẹni tó ń rà kò sì mọ ohun tó ń mu. Òfin náà ní kí ọtí tó bá fẹ́ jẹ́ orúkọ yẹn wá láti ilé ìpọntí kan ṣoṣo ní àkókò ìpọntí kan ṣoṣo, kó lo ọdún mẹ́rin ó kéré tán nínú ilé ìtọ́jú tí ìjọba ń mójú tó, kí agbára rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 50 gééré. Ìdá 50 yẹn gan-an ló gbá mi ní ọ̀fun lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Mo ronú sí ìgò "wisikí" kan tí mo ti rà rí ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti bourbon ṣùgbọ́n tí òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti sípíríìtì inú yàrá àyẹ̀wò wa ní ilé ẹ̀kọ́, mo sì rí i pé ohun tó ba àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́kàn jẹ́ lọ́dún 1897 kò tíì tán láyé.

Ọ̀rọ̀ àgbàdo ló kọ́kọ́ sọ ọtí náà di ojúlùmọ̀ mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Yóò rẹ àgbàdo sómi, yóò fi ewé bò ó títí yóò fi hù, yóò sá a gbẹ, yóò lọ̀ ọ́, yóò sì sè é kó tó fi í sílẹ̀ kó kan. Kò sí ọmọ tó béèrè ìdí tó fi gbọ́dọ̀ hù kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó mọ̀ pé nínú ọkà tó ń hù ni ohun tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà ti ń jáde, ṣúgà yìí sì ni ìwúkàrà ń jẹ kó tó di ọtí. Àwọn ará Kentucky kì í sábà jẹ́ kí àgbàdo tiwọn hù. Ọkà báálì tó ti hù ni wọ́n ń dà sí i láti ṣe iṣẹ́ kan náà. Bákan náà, nígbà tí wọ́n bá ti fa ọtí tán, wọn kì í da gbogbo omi kíkan tó ṣẹ́kù nù. Wọ́n ń bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú èyí tí wọ́n fẹ́ pọn tẹ̀ lé e, kí kíkan rẹ̀ má bàa gba kòkòrò búburú láyè, kí ìwúkàrà sì lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ. Ẹni tó bá ti rí i bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi ojú iyebíye wo omidùn orí ògì kò ní béèrè ìdí lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé bí bourbon ṣe ń jáde láti inú ìkòkò ìfatí, ó mọ́ gaara bí ògógóró. Gbogbo àwọ̀ tó wà lára rẹ̀, àti púpọ̀ nínú adùn rẹ̀, ara igi ló ti rí i. Àgbá kan ń gba bíi igba lítà. Bí ooru bá mú, ọtí á wọ inú igi lọ. Bí òtútù bá dé, á tún padà jáde, báyìí ni yóò máa ṣe lọ́dọọdún, tí yóò sì máa fa nǹkan jáde láti ara igi tí iná ti tú palẹ̀ fún un. Díẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ láti ojú igi, èyí tí wọ́n ń pè ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Àwa a máa ta ọtí sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ. Tiwọn kò fi ọwọ́ ènìyàn sí i rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé àgbá tó bá ti gba bourbon lẹ́ẹ̀kan kò tún lè gbà á mọ́, nítorí òfin ní tuntun ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò. Ọ̀pọ̀ àgbá àlòkù wọ̀nyí ni wọ́n ń kó lọ sí Scotland láti fi tọ́jú wisikí ti ibẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà yìí, n kò tíì mọ orúkọ òórùn tó jáde lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ fún mi, ẹni tí kì í fi ọtí kan ẹnu. Ó ń ṣe kéèkì tà, imú rẹ̀ sì ju tèmi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin, ó ń kọjá lọ sí ilé ìdáná, ó sì dúró lẹ́yìn àga mi.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ò ṣí fánílà mi?"

"Fánílà wo?"

"Ẹ gbé ife yẹn wá ná." Ó gbà á, ó fi sí ìsàlẹ̀ imú gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ti kọ́. "Fánílà rèé. Ṣúgà tí wọ́n yan tó fẹ́ jóná wà níbẹ̀. Àgbọn náà wà níbẹ̀. Ta ló ń fi àgbọn sí ọtí?"

Ó lọ gbé ìgò fánílà rẹ̀ wá, a sì gbé méjèèjì síra wọn. Òtítọ́ ni. Nígbà tí mo wádìí rẹ̀, mo rí i pé èròjà tó ń mú kí fánílà máa ta sánsán gan-an ni iná ń tú jáde lára igi óákù, pé ṣúgà tó wà nínú igi náà ń yan lóòótọ́ nígbà tí wọ́n bá ń jó inú àgbá, àti pé óákù Amẹ́ríkà ní èròjà kan tó ń rùn bí àgbọn. Ẹni tí kò mu ọtí rí ka igi náà láìṣí ìwé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi orúkọ ohun tí mo mọ̀ pe òórùn tí mo bá gbọ́, dípò èyí tí àwọn òyìnbó kọ sílẹ̀: àádùn, gúgúrú, èèpo ọsàn, àti ní ìkẹyìn, nígbà tí ife bá fẹ́ gbẹ, òórùn igi jíjóná tó máa ń gba àgbàlá ìyá àgbà mi kan, tí ó jẹ́ aláró, nígbà tó bá ń sun igi fún eérú tí yóò fi rẹ aró. Òṣogbo ìlú aró ni wá. Bóyá ìdí nìyẹn tí imú mi fi ń wá èéfín kiri.

Ẹ̀gbọ́n mi tún fi ìgò kékeré bourbon mìíràn, tó ń jẹ́ Maker's Mark, rán ẹnì kan sí mi ní oṣù Keje, èyí tí wọ́n fi ìda pupa dí lórí. Àlìkámà ni wọ́n fi rọ́pò ọkà ráì nínú tirẹ̀, ó sì rọ̀ lẹ́nu ju ti ìgò ńlá tí ata-ata díẹ̀ wà nínú rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn ata náà jù. Mo jẹ́ Ìjẹ̀ṣà lọ́wọ́ ìyá, bóyá ẹ̀jẹ̀ ni.

Níbi ìgbéyàwó kan ní Òkè-Fìà lóṣù tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń kọ́ni gbé ìgò wisikí Jack Daniel's sókè, ó ní òun náà ti di ẹni tó ń mu bourbon. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún un pé ìpínlẹ̀ Tennessee ni tirẹ̀ ti wá, pé wọ́n ń sẹ́ ẹ kọjá nínú eédú igi mépù kó tó wọ àgbá, àti pé Tennessee whiskey ni àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn kọ sára ìgò. Ó ti ń da Kóòkì lé e bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. "Olùkọ́ àgbà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mu ọtí mi." Ó jàre mi. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi da ìdá 50 sí ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn!

Mi ò mu ju ìka méjì lọ, mi ò sì mu ún ju alẹ́ Sátidé lọ. Ohun kan ni pé owó rẹ̀ kì í ṣe ti olùkọ́, èkejì sì ni pé lẹ́yìn ife kìíní, imú mi kì í ka nǹkan kan mọ́. Ìgbóná nìkan ló máa ń kù. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà tí ooru mú wa, mo gbìyànjú láti fi yìnyín sí i, ṣùgbọ́n yìnyín ilé wa kò dúró de ẹnikẹ́ni, kí n tó mu ún dé ìdajì ni ó ti di omi lásán. Ẹ̀kán mẹ́ta láti inú omi ọ̀rá ni mo padà sí.

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé báyìí. Ife ti gbẹ, mo sì fẹ́ gbé e lọ fọ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi àwo pẹrẹsẹ dé e lórí nítorí èèrà, ó sì gbé e sí ojú fèrèsé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ ọ́ di òwúrọ̀, pé nígbà tó bá gbẹ tán ni òórùn rẹ̀ máa ń dára jù.