Bọ́ọ̀dù "ìtòsí" mi, wíìkì kẹta: mo ti tú òwú palẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ látẹ̀yìn mọ̀ pé mò ń ṣe bọ́ọ̀dù kan tí mo fẹ́ to àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ mọ́ ìtòsí sí. Káàdì 14 ni mo ti kọ, mo ti kan mẹ́sàn-án mọ́ ọn, àmọ́ ní Sátidé mo yọ gbogbo ẹ̀ kúrò.

Bí mo ṣe ṣe é tẹ́lẹ̀ ni pé mo la páálí firíjì, mo ya ilé kékeré kan sí igun ìsàlẹ̀, mo wá na òwú kan ṣoṣo láti ẹnu ọ̀nà ilé yẹn dé igun òkè. Ọ̀rọ̀ tó bá sún mọ́lé jù á wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó kù á máa tẹ̀ lé e títí òwú á fi tán. Adjoining ni mo kọ́kọ́ kàn, torí nǹkan méjì gbọ́dọ̀ fara kanra kó tó ṣeé lò, bíi yàrá méjì tó jọ ní ògiri kan. Adjacent tẹ̀ lé e, ìyẹn ò fi dandan lé ìfarakanra, kó ṣáà má sí irú wọn míì láàárín. Nearby wà lókè lọ́hùn-ún. Ìyẹn rọrùn.

Ibi tí mo ti mú káàdì close dání ni àbúrò mi obìnrin wọlé, ó wo òwú yẹn títí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, níbo lẹ máa wá kan close friend sí? Ọ̀rẹ́ mi wà ní Kánádà." Mo jókòó. Òótọ́ ló sọ, kò sẹ́ni tó ń sọ pé near friend, close nìkan ló ń gba ibẹ̀ yẹn, bí ọ̀rẹ́ yẹn tiẹ̀ wà lókè òkun.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo lọ tú orísun ọ̀rọ̀ wò nínú dikṣọ́nárì. Ọmọ ìyá kan náà ni nigh, near àti next. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, nēah ni ìtòsí, nēar ni èyí tó tún sún mọ́ ju ìyẹn lọ, next sì ni èyí tó sún mọ́ jù pátápátá, nēah yẹn náà ló wà nídìí neighbour. Àmọ́ close ò bá wọn tan rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ló ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí kéèyàn ti nǹkan pa, ìdí nìyẹn tí close tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn àti close ti ìtòsí fi jọ ní sípẹ́lì kan, ìparí ẹ̀ nìkan ni ẹnu fi ń ya wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ wá wo tiwa. Tí mo bá ní kẹ́ ẹ tì í, ilẹ̀kùn ni, tí mo bá ní kẹ́ ẹ jókòó tì í, ìtòsí ni, ohùn kan náà! Orí mi wú, mi ò puró fún yín.

Nítorí náà close ò lè wà lórí òwú tó ń jìnnà sílé. Mo ra òwú pupa, mo fi yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mẹta, mo so ó pa, inú òrùka yẹn ni mo kan close sí. Near àti nearby gba òwú dúdú, ẹsẹ̀ la fi ń wọn tiwọn. Adjoining, adjacent àti beside wà lára ògiri ilé gan-an, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n (ẹ má fi s kún beside o, besides ti di "yàtọ̀ sí" nìyẹn). Next, ètò ni tiẹ̀, ẹni tó kàn tàbí ohun tó kàn, next village lè gba ìrìn wákàtí méjì, mo wá fi í sí orí òwú tiẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni imminent. Nínú Látìn, ohun tó rọ̀ sókè orí èèyàn tó fẹ́ já lulẹ̀ ni, àwa náà sì ń sọ pé nǹkan kù sí dẹ̀dẹ̀, dẹ̀dẹ̀ kan náà tá a fi ń sọ pé nǹkan rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Mi ò fi píìnì kàn án. Mo lu ihò sí káàdì ẹ̀, mo fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e kọ́ sókè òrùlé ilé yẹn, tí fáànù bá ti fẹ́ sí i báyìí, á máa fì.

Káàdì 12 ló ti wà níbẹ̀. Vicinity kù, nígbà tí mo bá ra píìnì sí i ni mo máa kàn án. By náà kù, ìyẹn le díẹ̀: by the river, létí odò ni, by Friday, kó tó kọjá Fráídè ni, mi ò tíì mọ òwú tó yẹ ẹ́. Ó ṣì wà lórí tábìlì níwájú mi báyìí.