Ìtasókè

Iṣẹ́ tí mo dojú kọ ní ìrọ̀lẹ́ òní kò ju pé kí n máa fi píìkì, ike pẹlẹbẹ kékeré tí a fi ń ta gìtá, ta okùn gìtá sísàlẹ̀, kí n sì tún ta á sókè, láìyẹ ètò yìí, ibi yòówù tí orin bá fò sí. Ó rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ohùn mẹ́ta bá wà lórí okùn kan, tí mo sì fi ìtasísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìtasísàlẹ̀ náà ni ìkẹta yóò jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń lọ sórí okùn tó tín-ín-rín jù ú lọ, píìkì gbọ́dọ̀ fo okùn tuntun náà kọjá, kí ó tó padà gbá a láti abẹ́. Ibi ìfò kékeré yìí ni orin ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń já.

Síbẹ̀, kì í ṣe bí ọwọ́ ṣe ń yára tó ló gba ọkàn mi. Nínú jáàsì, irú orin kan tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, bí a bá pín lílù kọ̀ọ̀kan sí méjì, ìdajì kejì ni àwọn afọnfèrè sábà máa ń tẹnu mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń dá orin láti inú ara wọn. Ìtasísàlẹ̀ ló sì lágbára jù lọ́wọ́ onígìtá, orí ìdajì àkọ́kọ́ ló sì ń bọ́ sí. Ẹni tó bá kàn ń ta á bí ọwọ́ ṣe gbé e wá yóò máa tẹnu mọ́ ibi tí kò yẹ, orin rẹ̀ yóò sì máa rìn bí ológun tó ń yan lójú pápá. Mo jẹ́ kí mẹtirónóòmù, ẹ̀rọ tó ń dún láti fi ìwọ̀n lílù hàn, máa dún lórí lílù kejì àti ìkẹrin nìkan nínú lílù mẹ́rin mẹ́rin, mo sì ń fi agbára sí ìtasókè títí ọrùn-ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun tí àwọn onígìtá mẹ́ta, John McLaughlin, Al Di Meola àti Paco de Lucía, ta ní gbọ̀ngàn Warfield ní San Francisco, ní ọjọ́ 5 Oṣù Kejìlá, 1980. Paco kò mú píìkì rárá: ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò àti ìka àárín ló ń gbapò fún ara wọn. Di Meola a máa fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ di okùn pa nídìí, tí ohùn kọ̀ọ̀kan á sì máa ta pó. Ti McLaughlin ló wù mí jù, nítorí pé bí ohùn ṣe ń rọ́ jáde tó, ó máa ń mọ èyí tí yóò gbá ju ìyókù lọ.

Allan Holdsworth, onígìtá mìíràn, gba ọ̀nà tirẹ̀. Ohùn fèrè saksofóònù ni ó ń wá, nítorí náà ìka ọwọ́ òsì ni ó jẹ́ kí ó ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, píìkì kàn ń bá a dá sí i níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà dé bá òun àti McLaughlin: afọnfèrè gbọ́dọ̀ mí, ọwọ́ onígìtá kò sì nílò èémí. Onígìtá John Scofield, tó bá Miles Davis, afunkàkàkí jáàsì, ṣiṣẹ́ láti 1982 títí di 1985, mọ bí a ṣe ń dákẹ́; á sọ gbólóhùn kúkúrú kan, á fà á sẹ́yìn díẹ̀ lórí ìlù, á sì jẹ́ kí àwọn yòókù dáhùn.

Lọ́la, orí kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ìyẹn ohùn mélòó kan tó ń dún pọ̀, ni n ó dúró sí. Ìtasókè ni yóò bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ìtasókè náà ni yóò sì parí rẹ̀.