Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí yíyí iná ọkọ̀ ojú omi sí LED

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ rẹ́wáyà ní Abẹ́òkúta, ẹ ẹ́ pàdé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ kan. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ apẹja láti adágún Ọ̀yán, ó lè jẹ́ èyí tó ń bá odò Ògùn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀sà Èkó. Oníbàárà á ní, "Ẹ bá mi yọ gílóòbù wọ̀nyí, ẹ fi LED sí i, bátìrì mi kì í mọ́jú." Kò parọ́. Gílóòbù wáàtì 10 mẹ́ta lórí bátìrì fóòtì 12 ń fa áńpíà 2.5. Bí wọ́n bá tàn fún wákàtí 10, áńpíà-wákàtí 25 ti lọ. LED wáàtì 2 mẹ́ta kò ní jẹ ju áńpíà-wákàtí 5 lọ láàárín wákàtí 10 yẹn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí iná yìí wà fún. Atukọ̀ kì í fi ríran. Ọkọ̀ kejì ni iná náà ń bá sọ̀rọ̀. Pupa wà lápá òsì, àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, funfun nídìí ọkọ̀. Ẹni tó bá rí pupa nìkan mọ̀ pé apá òsì yín lòun ń wò. Bó bá rí pupa àti àwọ̀ ewé pọ̀, ó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ wá bá òun gan-an, á sì yà. Òfin àgbáyé ọdún 1972 lórí dídènà ìkọlù lójú òkun fún iná ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní dígírì 112.5, ó fún ti ìdí ní 135. Àpapọ̀ wọn ló pé 360 tó yí ọkọ̀ ká. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tún ń gbé funfun sórí òpó, dígírì 225. Èyí tí kò gùn tó mítà 12 lè fi iná funfun kan tó tàn yí ká rọ́pò ti òpó àti ti ìdí, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fi mítà kan, ó kéré tán, ga ju àwọn iná ẹ̀gbẹ́ lọ.

Àwọ̀ ló kọ́kọ́ ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù àtijọ́ kún fún pupa, kò ní búlúù púpọ̀, òun ni wọ́n sì wò ṣe ìdérí aláwọ̀ yẹn. Tí ẹ bá ki LED funfun tó mọ́ gbòò sínú rẹ̀, bí irú ti mọ́tò, pupa á ṣú tàbí kó máa jọ ọsàn pípọ́n, àwọ̀ ewé á sì yà sí búlúù. Lókèèrè, nínú ìkúùkuù ọyẹ́, ẹni tó ń bọ̀ kò ní mọ èyí tó ń wò. LED pupa ni kí ẹ fi sínú ìdérí pupa, kí ẹ fi ti àwọ̀ ewé sínú tirẹ̀.

Ìkejì burú jù ú lọ, torí ojú kì í tètè rí i. Okùn tó ń tàn nínú gílóòbù tín-ínrín, ojú kan ló dúró sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn etí àpótí iná tó ń gé ìmọ́lẹ̀ sí dígírì rẹ̀. LED tí wọ́n to ẹyin iná kéékèèké yí ara rẹ̀ ká sanra ju okùn yẹn lọ, ìmọ́lẹ̀ á sì máa ṣàn kọjá ààlà. Ẹ dán an wò lálẹ́ lórí ilẹ̀. Tó bá jẹ́ iná aláwọ̀ méjì inú àpótí kan ni, ẹ dúró ní mítà 20 níwájú imú ọkọ̀, kí ẹ máa rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Òfin gbà kí ìmọ́lẹ̀ fi dígírì 1 sí 3 kọjá ààlà. Ní mítà 20, dígírì 3 jẹ́ nǹkan bíi mítà kan péré. Bí ẹ bá ti fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin kọjá àárín tí pupa ṣì ń tàn sójú yín lápá tó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ ewé nìkan, ẹ yọ ọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rọ oníbàárà pé kó ra iná LED odindi, tí wọ́n lẹ̀ pa, tí wọ́n kọ bí a ṣe lè rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jìnnà tó sára. Fún ọkọ̀ tí kò tó mítà 12, máìlì òkun 1 ni fún ẹ̀gbẹ́, 2 fún ìdí àti òpó. Ó wọ́n ju gílóòbù lọ, ṣùgbọ́n àwọ̀ àti ààlà rẹ̀ ti dájú.

Ti wáyà kò le. LED mọ wáyà pupa yàtọ̀ sí dúdú. Bí ẹ bá yí wọn, kò ní tàn. Ẹ wá èyí tó gba fóòtì 10 sí 30, torí bátìrì 12 ń gun 14.4 bí átánétọ̀ bá ń ṣaájì, LED tí kò ní ju rẹsítọ̀ lọ sì lè jó. Fíùsì áńpíà 10 àtijọ́ ti tóbi ju wáyà tín-ínrín tó bá iná tuntun wá, ẹ fi ti áńpíà 2 sí i. Ẹ má lọ́ wáyà pọ̀ kí ẹ wá fi téèpù wé e: omi á wọlé, wáyà á dípẹtà nínú. Ẹ fi ojú ìsopọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ra so ó, kí ẹ fi rọ́bà tó ń sún kì bó bá gbóná, tó sì ní gọ́ọ̀mù nínú, bò ó.

Bí ọkọ̀ náà bá ní rédíò VHF, èyí tí àwọn atukọ̀ fi ń pe ara wọn, ẹ ṣí i sí ikanni 16, ikanni ìpè fún ìrànlọ́wọ́, kí ẹ tó gba owó. Ẹ yí skuẹ́ẹ̀lìṣì, bọ́tìnnì tó ń pa ariwo rédíò, títí ariwo á fi ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́, lẹ́yìn náà ẹ tan iná náà. Bí ariwo ṣììì bá padà, ẹ̀rọ kékeré inú LED yẹn ló ń da rédíò láàmú, ẹni tó bá sì wà nínú ewu lójú omi lè pè kí a má gbọ́ ọ. Irú LED bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.