Ọdún tí mo fi wá fọ́ńgọ̀sì kiri Èkó

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Mo rí i pé kálukú ti ń ka ohun tó ṣe lọ́dún yìí, èmi náà fẹ́ ka tèmi, àmọ́ fọ́ńgọ̀sì, irú ohun abẹ̀mí kékeré tó ń fa làpálàpá, niṣẹ́ tèmi, ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ kó yáa jẹ ẹ́ tán ná.

Làpálàpá orí àwọn ọmọ iléèwé ló gba àkókò mi jù. Mushin àti Ṣómólú la ti ń ha èèpá orí wọn. Tí a bá kán potásíọ̀mù háídírọ́ọ́sáìdì sí i, a ó rí fọ́nrán fọ́ńgọ̀sì náà lábẹ́ máíkrósíkóòpù lọ́jọ́ yẹn gan-an, kò le rárá. Láti mọ orúkọ ẹ̀ ló le, torí a ní láti gbìn ín ká sì dúró dè é, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, NEPA ò sì mọ̀ pé à ń dúró de nǹkan kan, kí tiwa tó hù, Aspergillus niger, fọ́ńgọ̀sì dúdú tó ń fò kiri nínú afẹ́fẹ́ Èkó á ti bà lé e.

Kírìmù ló bí mi nínú jù. Ìyẹn kírìmù tí wọ́n pò mọ́ra yẹn, oògùn fọ́ńgọ̀sì, oògùn bakitéríà àti clobetasol tó jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, gbogbo ẹ̀ nínú túùbù kan. Sítẹ́rọ́ìdì á mú kí ara yíyún rọlẹ̀, ojú ibẹ̀ á dán, àmọ́ ó ti kun àwọn ọmọ ogun ara lóorun, fọ́ńgọ̀sì á wá máa tàn kálẹ̀, òrùka làpálàpá á pa rẹ́ débi pé dókítà gan-an lè má dá a mọ̀ mọ́. Ìyá kan ní Bàrígà sọ fún mi pé, "Dókítà, ó máa ń lọ o, ó kàn máa ń padà wá ni." Mo ní, "Mọ́mì, kò lọ rárá, ó sá pamọ́ ni." Làpálàpá orí kì í gbọ́ ìpara nìkan, ó ti wọ inú irun, oògùn gbígbé mì ló gbà, griseofulvin fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, tàbí terbinafine. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ewé àsùnwọ̀n òyìnbó, mi ò bá yín jà, ó wúlò fún ti ara, ẹ fi ti orí sílẹ̀.)

Ti ẹ̀dọ̀fóró ló wá kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ẹnì kan á lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù mẹ́fà, á lò ó pé, ó ṣì ń wú ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀, GeneXpert, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò, ní kò sí nǹkan, wọ́n á tún dá a padà sórí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ihò tí ikọ́ ẹ̀gbẹ gbẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ló dà bí ilé tí ayálégbé kó kúrò nínú ẹ̀ l'Ékòó, Aspergillus ti wọlé kí ọ̀dà tó gbẹ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi hàn, itraconazole, oògùn fọ́ńgọ̀sì, la sì fi ń tọ́jú ẹ̀, ó kéré tán oṣù mẹ́fà. Ibi tó burú sí ni pé rifampicin tó wà nínú oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń sọ itraconazole di aláìlágbára nínú ara. Ìyá aláta kan ní Mushin fẹ́rẹ̀ẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ti ikọ́ ẹ̀gbẹ lẹ́ẹ̀kan sí i ká tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Ó ti padà sídìí àtẹ ẹ̀ báyìí, ó sì ń bá mi jà pé mi ò wá ra ata.

Ní October 2022 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, to fọ́ńgọ̀sì 19 tó léwu jù jọ, Aspergillus fumigatus wà lára mẹ́rin tó ṣáájú. Látìgbà yẹn la ti ní nǹkan tá a lè fi han àwọn olówó. Èmi ò ní parọ́ ṣá, lójú tèmi, oògùn tí kò yẹ tí à ń gbé mì ló ń pa wá lára ju èyí tí kò sí lọ, yàtọ̀ sí flucytosine, ìyẹn tí wọ́n ṣe ní 1957 fún jẹjẹrẹ tó wá di ti Cryptococcus, fọ́ńgọ̀sì inú ọpọlọ, tí à ń wá bí ẹni wá góòlù.

Àwọn onígbàjámọ̀ la máa kọ́kọ́ rí ní January, torí kílípà kan náà ló ń ti orí bọ́ sórí. Alága wọn ní Ṣómólú ti fún wa ní Monday kan, ó ní ká má gbé ìwé pélébé wá o, ká gbé ohun tí wọ́n máa fi nu kílípà wá. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń ta oògùn apakòkòrò kílípà ní gálọ́ọ̀nù, ní Ìdúmọ̀tà tàbí ibikíbi, kó jọ̀ọ́ pè mí kí wọ́n tó fowó lé e.