Ọ̀gá àti Òṣìṣẹ́: Ìkòròdú àti Leicester

Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó wà ní Odogunyan ní Ìkòròdú, aago méje àárọ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Agric tàbí Majidun gbọ́dọ̀ ti wà lójú títì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọ̀nà máa dà. Òjò lè rọ̀, tírélà lè ṣubú, awakọ̀ dánfó lè ní òun ò ní gbéra àfi tí ọkọ̀ bá kún. Kó tó dé, wọ́n ti ti géètì. Àwọn kan á padà sílé, owó ọkọ̀ á lọ, owó iṣẹ́ ọjọ́ náà á sì lọ pẹ̀lú. Àwọn mìíràn á wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n á ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lẹ́nu géètì, tí oṣù bá sì parí, wọ́n á rí i pé owó wọn ti dín.

Mo wà lára àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ládùúgbò yẹn kí n tó wá sí Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní báyìí, èmi ni mò ń darí ṣíìfùtì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Iṣẹ́ méjèèjì jọra ju bí ẹ ṣe lè rò lọ: èèyàn là ń darí, èèyàn sì ní ilé, ó ní ọmọ, ó ní àìsàn, ó ní gbèsè. Ohun tí ọ̀gá kọ́kọ́ ń ṣe nígbà tí nǹkan bá dàrú ló yàtọ̀. Ní Ìkòròdú, ìyà ló sábà máa ń ṣáájú. Ní Leicester, ìbéèrè ló ń ṣáájú. Mi ò sọ pé òyìnbó láàánú jù wá lọ o. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, mo sì máa sọ ibi tí tiwa ti dára ju tiwọn lọ.

Bọ́ọ̀sì ń pẹ́ níbí náà. Òṣìṣẹ́ á fóònù, á ní òun ṣì wà lọ́nà, màá kọ ọ́ sílẹ̀, ó tán. Bó bá di lemọ́lemọ́, màá pè é sínú yàrá, a ó pa ilẹ̀kùn dé, màá bi í pé kí ló dé. Obìnrin kan wà tó máa ń pẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí mo bi í, ó ní ọjọ́ méjèèjì yẹn ni ọkọ òun máa ń tètè jáde, òun nìkan ló sì máa ń mú ọmọ lọ síléèwé. A jẹ́ kó máa wọṣẹ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àwọn yòókù lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ sì parí. Òfin wà lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀: láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, òṣìṣẹ́ lè béèrè pé kí wọ́n yí àkókò iṣẹ́ òun padà láti ọjọ́ tó bá ti wọṣẹ́, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn láàárín oṣù méjì. Ọ̀gá lè kọ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé òfin tiwa náà kò fọwọ́ sí owó tí wọ́n ń yọ yẹn. Labour Act ti Nàìjíríà, tó ti wà láti ọdún 1971, sọ ọ́ ní abala karùn-ún pé agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ yọ nǹkan kan lára owó òṣìṣẹ́ ní orúkọ fáìnì. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tó bà á jẹ́ nítorí àìbìkítà, wọ́n lè yọ ìwọ̀nba owó, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé búrẹ́dì, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe omi inú ọ̀rá, ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi: fáìnì tí ẹ kọ mọ́ ara ògiri yẹn, òfin ò mọ̀ ọ́n. Kò tiẹ̀ tún ṣe yín láǹfààní. Ẹni tí ẹ ti yọ owó rẹ̀ tán gbà pé òun ti san gbèsè òun, kò ní rí ìdí tó fi yẹ kóun ṣàlàyé fún yín, ẹ ò sì ní mọ ohun tó ń mú un pẹ́. Ilé iṣẹ́ kan tí mo mọ̀ háyà bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ láti Sábó láràárọ̀. Owó tí wọ́n ń ná sí i kò tó èyí tí wọ́n ń pàdánù nígbà tí ẹ̀rọ ń dúró de ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́.

Kúẹ́rì wá ńkọ́? Bí a bá wò ó dáadáa, ohun tó dára ni. Ìwé tó sọ ohun tí wọ́n ní o ṣe ni, ó sì ní kí o sọ tẹnu rẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti dájọ́ tán kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á fún èèyàn ní aago mẹ́wàá, wọ́n á ní kó dá èsì padà kí aago méjìlá tó lù, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ló mọ̀ ọ́n darí, kì í ṣe kálámù. Á lọ bẹ akọ̀wé pé kó bá òun kọ ọ́. Akọ̀wé á kọ ọ́ pé ó tọrọ àforíjì, torí òun náà fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè tán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kò sí nínú ìwé náà. Mo rí ọkùnrin kan tí wọ́n fún ní kúẹ́rì torí pé ẹ̀rọ jóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ẹnikẹ́ni fi Yorùbá bi í ni, ì bá ti sọ fún wọn pé ó pẹ́ tóun ti ń sọ fún súpáfáísọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń gbóná jù. Kò sẹ́ni tó bi í. Àwọn tó rọ́pò rẹ̀ ń lo ẹ̀rọ mìíràn bákan náà, lábẹ́ súpáfáísọ̀ kan náà.

Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yín sọ ọ́ ní èdè tó gbọ́ jù. Kí ẹnì kan máa kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, kí wọ́n kà á padà fún un, kó tó fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ wákàtí kan péré ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ tí wọ́n ń pè ní Acas ló kọ ìlànà tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ó máa kọ́kọ́ ṣèwádìí, ó máa kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́, ó máa fún un láyè láti múra, kí wọ́n tó jọ jókòó. Òṣìṣẹ́ lè mú ẹnì kan dání wá, yálà alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ìdájọ́, tí ìdájọ́ náà ò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ọ̀gá tó bá fojú fo ìlànà yìí láìnídìí, tí òṣìṣẹ́ sì jàre rẹ̀ nílé ẹjọ́, adájọ́ lè fi tó ìdá 25 nínú 100 kún owó tó máa san. Ṣé òyìnbó ló wá kọ́ wa nìyẹn? Àwọn baba wa ló sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Láti ààfin ọba dé iwájú baálé ilé, kò síbi tí wọ́n ti ń dájọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹnì kejì. Kí ló dé tó jẹ́ pé inú ọ́fíìsì nìkan la ti ń gbàgbé rẹ̀? Kò sì gba owó láti ní kí bàbá kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ bọ̀wọ̀ fún jókòó ti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí máa ń fa wàhálà nílé ju níbí lọ. Ní Leicester, ọmọdé tó jẹ́ máníjà á pe ẹni ọgọ́ta ọdún lórúkọ, kò sì sí ìjà. Ní Ìkòròdú, ẹ má dán an wò. Mo ti rí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì tó ń pariwo mọ́ ẹni tó tó bàbá rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, àtìgbà náà ni wọn ò ti ṣe ohun tó bá ní kí wọ́n ṣe mọ́. Ẹ lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà. “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá síbí díẹ̀.” Tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí láìfi nǹkan kan pa mọ́: iye ike tó bàjẹ́, ọjọ́ tó bàjẹ́, ohun tí ẹ fẹ́ kó yí padà.

Ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́ ní Ìkòròdú tún gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ Orò. Bí wọ́n bá kéde pé Orò máa jáde lọ́sàn-án, obìnrin ò ní jáde nílé, ìlú ló sì ṣe òfin yẹn, kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó pa iṣẹ́ jẹ. Ẹ pààrọ̀ ọjọ́ fún wọn ṣáájú, torí ìkéde máa ń ṣáájú ọjọ́ náà. Ìrì dídì ló ń ṣe wá bẹ́ẹ̀ níbí, kì í sì í kéde ara rẹ̀ tó Orò.

Ibi tí Leicester ti kù díẹ̀ káàtó ni ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀. Bí bàbá òṣìṣẹ́ bá kú, kò sí òfin tó ní kí ọ̀gá fún un ní ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún. Àwọn tí ọmọ wọn kéékèèké kú ni òfin ọdún 2020 fún ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ìyókù wà. Bàbá ẹnì kan nínú àwọn tí mò ń darí kú. Wọ́n ra káàdì, gbogbo èèyàn fọwọ́ sí i, wọ́n gbé e sínú ibi ìkẹ́rùsí rẹ̀. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, torí wọ́n rò pé ó máa dùn ún. Mo lọ bá a ní kíṣìnì, mo kí i bí a ṣe ń kí ọlọ́fọ̀ nílé, mo bi í pé irú èèyàn wo ni bàbá náà. Ó dì mọ́ mi, ó sunkún, ó wá sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún mi títí a fi pẹ́ fún oúnjẹ ọ̀sán àwọn arúgbó. Láti ìgbà náà, mo ti ní kí ẹnì kan nínú wa máa lọ sílé ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀.

Ní Ìkòròdú, ẹ ò ní láti sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á dáwó, wọ́n á kó sínú bọ́ọ̀sì, máníjà fúnra rẹ̀ á wá jókòó lábẹ́ ìbòòji. Ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun tí ẹ lè fi kún un ni ìsinmi tó ṣe é fọkàn sí. Ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún níbí jẹ́ ọjọ́ 28 lọ́dún fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 6 ni Labour Act ní kí tiwa má dín sí lẹ́yìn oṣù 12, ó sì tún ní kí wọ́n san owó ẹni tí àìsàn tí dókítà jẹ́rìí sí dá dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún. Kékeré ni, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kò rí i gbà.

Bí òṣìṣẹ́ méjì bá ń jà, àgbà ló ń parí rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, lọ́jọ́ náà, ó sì dára. Níbí, ìwé ni wọ́n á kọ, mo sì ti rí obìnrin méjì tó ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná kan náà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkí ara wọn nítorí ìwé tí kò tíì ní èsì. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí àwọn àgbà wa yí padà ni pé ẹni tó kéré ni wọ́n máa ń ní kó dọ̀bálẹ̀, yálà ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ pé súpáfáísọ̀ ló ń fọwọ́ kan ọmọbìnrin tí kò fẹ́, ìyẹn kì í ṣe ìjà tí ẹ máa parí pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ẹ yọ súpáfáísọ̀ náà kúrò nídìí iṣẹ́ ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Tí ẹ̀rọ bá gé èèyàn ní ọwọ́, ẹ má fi mọ sí owó tí ẹ mú nínú àpò. Employee's Compensation Act ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 owó tó ń san fún òṣìṣẹ́ sí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú owó yìí, ibẹ̀ sì ni owó ẹni tó farapa ti ń wá. Kí òṣìṣẹ́ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá sì fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7.

Àwọn tí ẹ ń pè ní káṣúà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ fún yín lọ́dún dé ọdún, ẹ fún wọn ní ìwé. Oṣù mẹ́ta ni òfin wa fún yín láti kọ orúkọ, iṣẹ́, owó àti àkókò wọn sílẹ̀ fún wọn. Níbí, láti oṣù Kẹrin ọdún 2020, kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ àkọ́kọ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ dá ẹnì kan dúró, ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún pẹ̀lú yín ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù kan, ẹni tó ti lo ọdún méjì ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá rẹ́ jẹ ní Ìkòròdú lè lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Wọn kì í gba owó níbẹ̀, wọ́n á sì ránṣẹ́ pe ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n lè jọ jókòó. Ọ̀gá tó bá rí ìwé ìpè wọn gbà, kó lọ.