Wọ́n bi mí lọ́jọ́ orí kí n tó jókòó

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní Hanoi, olú ìlú Vietnam, nígbà náà. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí wá sí giỗ bàbá bàbá rẹ̀ ní abúlé. Giỗ ni ìrántí olóògbé tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún. Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ rẹ̀. Mo ra èso dání, mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Orí pẹpẹ àwọn baba ńlá ni wọ́n gbé èso náà lọ tààrà.

Màmá àgbà ilé náà kò bi mí ní ìlú mi. Ọjọ́ orí ni wọ́n béèrè. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú díẹ̀. Ta ní ń bi àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ nílé wa? Àṣé bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, wọn ò mọ ohun tí wọn yóò pè mí. Anh ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, chị ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, em ni àbúrò, cháu ni ọmọ-ọmọ. Orúkọ yẹn náà ni wàá fi pe ara rẹ dípò "èmi". Mo fi ọdún méjì ju ọ̀rẹ́ mi lọ, bí mo ṣe di ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ sáà dáhùn.

Ìgbà tí tùràrí jó tán ni wọ́n tó gbé oúnjẹ kúrò lórí pẹpẹ. Àwa mẹ́fà jókòó lórí ẹní yí ọpọ́n kan ká: adìẹ bíbọ̀, nem díndín (ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi awẹ́ ìrẹsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé), abọ́ nước mắm (omi ẹja oníyọ̀) kan tí gbogbo wa jọ ń ki oúnjẹ bọ̀. Ẹnì kan fi itan adìẹ sínú abọ́ mi, mo sì gé e jẹ. Ìgbà yẹn ni ọmọ kékeré kan bẹ̀rẹ̀: "Cháu mời bà ạ..." Ó ń pe àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá jẹun, ó pe èmi náà. Gbogbo wọn ń dúró dè é. Ẹran ti kún ẹnu mi, mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò lè tu ú. Kò sẹ́ni tó bá mi wí, ìyẹn gan-an ló tì mí lójú jù. Nígbà tí mo tún lọ, èmi ni mo kọ́kọ́ ní "Cháu mời bà ạ." Màmá gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

(Ẹ má gún igi ìjẹun, ìyẹn chopsticks, dúró sínú ìrẹsì o. Bí wọ́n ṣe ń gún tùràrí fún òkú nìyẹn.)

Kí abọ́ mi má ṣófo ni màmá ń ṣọ́. Mo fi ọwọ́ bo abọ́, mo ń ké lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, "No! No!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi mí sílẹ̀. Ó ti yà mí lẹ́nu kí ọ̀rẹ́ mi tó là á fún mi: lédè wọn, no, tí wọ́n ń fi ohùn àárín pè bíi "nọ", ni "mo ti yó".